Ìjàpá, Pẹ́pẹ́yẹ àti Owó Alágẹmọ

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi dá fìrìgbagbòó, ó dá lórí Ìjàpá tìrókò, ọkọ Yánníbo, nígbà tó di ọ̀gá ọ́fíìsì ẹja létí òkun Amẹ́ríkà.

Ní ìlú àwọn ẹranko tí mò ń wí yìí, Odídẹrẹ́ ló ń ṣòfin. Ilé ìgbìmọ̀ méjì ni wọ́n ní, ariwo inú ọ̀kan kì í jẹ́ kí èkejì gbọ́ràn. Lọ́dún 1976, wọ́n rí i pé àwọ̀n àwọn àlejò ti fẹ́ẹ̀ gbá òkun mọ́, wọ́n bá ṣòfin pé ẹja ò gbọdọ̀ tán. Nígbà tó yá, wọ́n fi kún un pé ọ́fíìsì Ìjàpá lè ní kí ọkọ̀ apẹja gbé alámòójútó dání, kó máa wo ohun tó ń wọ àwọ̀n. Ta ni yóò sanwó alámòójútó? Wọ́n sọ ti àwọn ọkọ̀ kan. Nígbà tó kan ọkọ̀ Pẹ́pẹ́yẹ tó ń pa ẹja ṣáwá, agogo oúnjẹ lù, kálukú fò lọ sílé.

Ìjàpá gbé òfin náà, ó wo iwájú rẹ̀, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó rí àlàfo, ó rẹ́rìn-ín.

"Yánníbo, ògiri ti lanu. Ta ló ní kí aláǹgbá má wọlé?"

Ṣùgbọ́n ìlú náà kì í ṣe ibi tí ọ́fíìsì kan ti lè jí lówùúrọ̀ kó kàn máa pàṣẹ. Láti 1946 ni òfin ti wà pé ẹni tó bá fẹ́ gbé ìlànà kalẹ̀ ní láti kọ́kọ́ kéde rẹ̀, kí tolórí tẹlẹ́mù sọ tinú wọn, kó sì sọ ìdí tó fi ṣe ohun tó ṣe. Ìjàpá kọ ọ́ sínú ìwé ìkéde ìjọba, ó lu agogo. Ọ̀rọ̀ wọlé bí òjò. Eèrà ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá kọ lẹ́tà. Nígbà tí wọ́n tú u, lẹ́tà kan náà ni, orúkọ ìsàlẹ̀ nìkan ló yàtọ̀. Erin ò yọjú: lọ́yà mẹ́ta ló ru ìwé tirẹ̀ wọlé, ó nípọn bí ìrọ̀rí. Pẹ́pẹ́yẹ fi ẹsẹ̀ ẹlẹ́rẹ̀ tẹ ìlà kan péré: "Ọkọ̀ mi kéré, bùkáàtà mi pọ̀." Ìjàpá ka gbogbo rẹ̀, nítorí ó mọ̀ pé bí òun ò bá kà á, kóòtù yóò bi òun. Ó wá dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan: "A gbọ́. A rò ó. A ò gbà."

Báyìí ni Alágẹmọ ṣe wọ ọkọ̀ Pẹ́pẹ́yẹ. Ojú rẹ̀ kan ń wo àwọ̀n, èkejì ń wo ìkòkò ọbẹ̀. Lórí omi, àwọ̀ rẹ̀ dà bí omi. Nígbà tí wọ́n gúnlẹ̀ tó di ọ̀rọ̀ owó, àwọ̀ rẹ̀ di ti dọ́là. Ìjàpá fúnra rẹ̀ ti ṣírò rẹ̀: owó náà lè tó dọ́là 710 lóòjọ́, ó sì lè gé èrè apẹja kù ní ìdá kan nínú márùn-ún. Pẹ́pẹ́yẹ to ẹja márùn-ún sílẹ̀, ó wo èyí tí yóò lọ, ó bú sórin:

Lílé: Alágẹmọ ń bẹ nínú ọkọ̀ mi,
Ègbè: Ta ni yóò sanwó?
Lílé: Òfin ní kó wọlé, kò ní n bọ́ ọ,
Ègbè: Ta ni yóò sanwó?
Lílé: Odídẹrẹ́ sọ̀rọ̀, kò sọ̀rọ̀ tán,
Ègbè: Ta ni yóò sanwó?

Erin gbọ́ orin náà lókèèrè, ó sáré wá. "Pẹ́pẹ́yẹ, ọ̀ràn rẹ dùn mí. Gba kóòtù lọ. Èmi ni n ó sanwó lọ́yà." Inú Pẹ́pẹ́yẹ dùn, kò bi í léèrè ohun tó kan Erin kan ṣáwá. Erin kì í kúkú jẹ ẹja.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó kàn án. Lọ́dún 1984, ọ̀rọ̀ èéfín ilé-iṣẹ́ Erin dé kóòtù. Òfin Odídẹrẹ́ dárúkọ orísun èéfín, kò sọ bóyá gbogbo ọgbà ilé-iṣẹ́ ni orísun kan ni àbí ihò èéfín kọ̀ọ̀kan. Ọ́fíìsì tó ń ṣọ́ afẹ́fẹ́ túmọ̀ rẹ̀ síbi tó rọ Erin lọ́rùn. Kóòtù ní níbi tí òfin bá ti là, kí wọ́n tẹ̀ lé e. Níbi tí kò bá ti là, bí ìtumọ̀ ọ́fíìsì bá ti bọ́gbọ́n mu, kí wọ́n jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀, torí àwọn ló mọ iṣẹ́. Erin jó títí ilẹ̀ fi mì. Nígbà tó yá, àwọn mìíràn jókòó sọ́fíìsì, ìtumọ̀ tiwọn ń gún Erin lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìgbà yẹn ni Erin rántí pé adájọ́ ló yẹ kó máa túmọ̀ òfin.

Àkàlàmàgbò mẹ́sàn-án ni adájọ́ àgbà ìlú náà, aṣọ dúdú ni gbogbo wọn ń wọ̀, kò sì sẹ́ni tó lè ní kí wọ́n sọ̀kalẹ̀ torí pé ìdájọ́ wọn ò dùn mọ́ òun nínú. Kí ẹjọ́ tó dójú ẹ̀ rárá, lọ́dún 2023, owó tán lọ́wọ́ Ìjàpá. Ó ní kí Alágẹmọ sọ̀kalẹ̀, ó sì dá owó Pẹ́pẹ́yẹ padà. Pẹ́pẹ́yẹ ká àwọ̀n rẹ̀, ó fẹ́ máa lọ sílé. Erin fẹsẹ̀ tẹ ìdí aṣọ rẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Níbo lò ń lọ? Ẹjọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni."

Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹfà ọdún 2024, Àkàlàmàgbò mẹ́fà dájọ́: "Iṣẹ́ adájọ́ ni ìtumọ̀ òfin. Ìlànà 1984 ti kú." Àwọn mẹ́ta yòókù ò gbà. Ọ̀kan nínú wọn bi wọ́n pé, "Nínú àwa mẹ́sàn-án, ta ló mọ òkun í wẹ̀?" Kò sẹ́ni tó fèsì. Erin ló gba orin náà lẹ́nu Pẹ́pẹ́yẹ:

Lílé: Alágẹmọ ti kúrò nínú ọkọ̀,
Ègbè: Ta ni yóò túmọ̀?
Lílé: Ìjàpá ti kúrò nídìí ìwé,
Ègbè: Ta ni yóò túmọ̀?

Ilẹ̀ mọ́. Èrò ti tò sẹ́nu ọ̀nà kóòtù. Ọ̀kẹ́rẹ́ ló ṣíwájú: "Òfin ní kí wọ́n dáàbò bo ẹ̀yà tó dá yàtọ̀. Ṣé àwa ọ̀kẹ́rẹ́ ìwọ̀-oòrùn dá yàtọ̀?" Àkàlàmàgbò fi okùn wọn ìrù rẹ̀, wọ́n tún un wọ̀n, wọ́n wo ojú ara wọn. Nígbà tí oòrùn wọ̀, àgbà inú wọn rán ọmọdé kan gba ẹ̀yìnkùlé.

"Lọ pe Ìjàpá wá. Sọ fún un pé àṣẹ kọ́ là ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀ o. Ìmọ̀ràn ni."

Ìjàpá dé fìlà. Yánníbo ní, "Wọ́n ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ, kí lo tún ń lọ ṣe?"

"Ìkòkò ni wọ́n gbà lọ́wọ́ mi. Wọn ò mọ ibi tí mo ń gbé iyọ̀ sí."

Ìdí àlọ́ mi rèé gbáńgbáláká. Pẹ́pẹ́yẹ ni àwọn apẹja New Jersey àti Rhode Island. Ẹjọ́ 1984 ni Chevron, ti 2024 ni Loper Bright. John Roberts, olórí adájọ́, ló kọ ìdájọ́ náà, Elena Kagan ló sì kọ ti àwọn tí kò gbà. Títí wọ́n fi dájọ́, Odídẹrẹ́ ò padà wá parí gbólóhùn rẹ̀. Ẹni tó ń ṣòfin tí kò sọ̀rọ̀ tán, ẹlòmíràn ni yóò bá a sọ ọ́ tán, yóò sì sọ ọ́ tán síbi tí ọbẹ̀ tirẹ̀ wà. Ẹ má bá Ìjàpá jà, ẹ má bá Àkàlàmàgbò jà. Ẹ lọ jí Odídẹrẹ́.

Bí mo bá purọ́, kí agogo ẹnu mi má ró. Bí n ò bá purọ́, kó ró lẹ́ẹ̀mẹ́ta: pó, pó, pó.