Ọ̀gágun Ọmọ Ogun Méjì

Nínú géèmù World of Warcraft, tí ilé iṣẹ́ Blizzard gbé jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 2004, ẹni márùn-ún ló máa ń kóra jọ kí wọ́n tó wọ ihò àwọn abàmì ẹ̀dá. Ẹnì kan á máa fara gba ìyà, ẹnì kan á máa wo ọgbẹ́, àwọn mẹ́ta yòókù á máa lu ọ̀tá. Ẹni tí kò bá lẹ́gbẹ́ lè dúró sẹ́nu ihò títí ilẹ̀ á fi ṣú. Àwọn kan wá dá ọgbọ́n sí i: wọ́n ra àkáǹtì méjì, mẹ́ta, títí dé márùn-ún, wọ́n to kọ̀ǹpútà sórí tábìlì, wọ́n sì ń fi ọwọ́ ara wọn darí gbogbo ẹgbẹ́ náà. Ọgbọ́n ọ̀hún ti pẹ́. Àwọn tó ń gbá EverQuest, géèmù ọdún 1999, ti ń dá a ṣáájú wọn.

Nígbà tí ìjọba sé gbogbo Èkó mọ́lé láti alẹ́ ọjọ́ 30 oṣù kẹta ọdún 2020, akọ̀wé yín pinnu pé òun náà á di ọ̀gágun. Ọmọ ogun méjì lápò rẹ̀ gbé: jagunjagun kan, àti àlùfáà kan tí yóò máa wò ó sàn. Kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ méjì wà nílẹ̀, ọ̀kan ti Lọ́ńdọ̀nù wá, èkejì ti Amẹ́ríkà. Ó kù kí kíbọ́ọ̀dù kan ṣoṣo máa pàṣẹ fún àwọn méjèèjì.

Ọjà ṣí padà, ó di Ọ̀tígbà, n'Íkẹjà. Ohun tó kọ́kọ́ rà ni àpótí kékeré tí wọ́n ń pè ní KVM. "Ẹ̀gbọ́n," ni ọmọ tó tà á wí, "kíbọ́ọ̀dù kan, kọ̀ǹpútà méjì, wàhálà parí." Ọmọ náà kò parọ́. Kíbọ́ọ̀dù kan ni, kọ̀ǹpútà méjì ni, àmọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń gbọ́ àṣẹ. Béèyàn bá tẹ Scroll Lock lẹ́ẹ̀mejì, kíbọ́ọ̀dù á fi ti àkọ́kọ́ sílẹ̀, á bọ́ sórí ìkejì, ti àkọ́kọ́ á sì dití pátápátá. Gbogbo èyí wà nínú ìwé tó bá páálí rẹ̀ wá. Ta ló ń kàwé inú páálí? Odidi ìrọ̀lẹ́ kan ni akọ̀wé yín fi bá íntánẹ́ẹ̀tì jà. Ó pa á, ó tàn án, ó pe àwọn tó ń tà á fún un lórí fóònù, ó sì fẹjọ́ sùn wọ́n pé àlùfáà òun kò rìn.

Ohun tó yẹ kó rà ni èyí tí ń pín títẹ̀ kan fún gbogbo kọ̀ǹpútà lẹ́ẹ̀kan náà. Ó kúkú wà. Àwọn tó ń tọ́jú kọ̀ǹpútà rẹpẹtẹ ní ọ́fíìsì ń lò ó, kí wọ́n má baà máa tẹ àṣẹ kan náà láti orí ẹ̀rọ dé orí ẹ̀rọ. Ó dá KVM padà, ó fowó lé owó, ó gbé apínbọ́tìnnì délé.

Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti wọ́. Kíbọ́ọ̀dù USB kì í fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà, nọ́ńbà ló ń fi ránṣẹ́. A jẹ́ 4, B jẹ́ 5, Z jẹ́ 29, bọ́tìnnì 2 tó wà lókè jẹ́ 31. Àrokò ni; ẹni tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ló máa túmọ̀ rẹ̀. Bí Shift bá bá 31 rìn, kọ̀ǹpútà tí wọ́n ṣètò fún Amẹ́ríkà á kọ @, èyí tí wọ́n ṣètò fún Bìrìtìkó á kọ àmì ìfàyọ, ". Páásíwọ́ọ̀dù akọ̀wé yín, tó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe ní ọ̀kan náà fún àkáǹtì méjèèjì kó lè tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ní @ nínú. Ojú kọ̀ǹpútà kò sì jẹ́ fi páásíwọ́ọ̀dù han èèyàn, tóótòòtó nìkan la máa ń rí.

Ti Amẹ́ríkà ṣílẹ̀kùn. Ti Lọ́ńdọ̀nù kọ̀. Ó tún un tẹ̀, ó rọra tẹ̀ ẹ́, ó fi ìbínú tẹ̀ ẹ́. Nígbà tó yá ó gbà pé olè íntánẹ́ẹ̀tì ló ti wọlé, ló bá pààrọ̀ páásíwọ́ọ̀dù àkáǹtì méjèèjì lórí kọ̀ǹpútà Lọ́ńdọ̀nù, ó sì tún fi ohun tó pè ní @ sí i. Ti Lọ́ńdọ̀nù ṣílẹ̀kùn. Ti Amẹ́ríkà kọ̀. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó ń kọjá lọ gbé omi, ló gbà á sílẹ̀: "Dádì, ẹ kọ ọ́ sínú Notepad ká rí i."

Kíípáàdì ló wá tẹ̀ lé e. Pátákó kékeré ni, bọ́tìnnì rẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n èèyàn lè kọ́ bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan ní iṣẹ́ tí yóò máa ṣe, ó sì ń pa ẹ̀kọ́ náà mọ́ sínú ara rẹ̀. Akọ̀wé yín kọ́ ọ pé kó máa sọ̀rọ̀ bí àwọn nọ́ńbà apá ọ̀tún kíbọ́ọ̀dù: 4 fún idà, 8 fún ìwòsàn. Ó gbàgbé NumLock. Bí NumLock bá wà ní títàn, 8 náà ni 8. Bó bá kú, 8 á di ọfà tó kọjú sókè, 4 á di ọfà tó kọjú sósì. Inú kọ̀ǹpútà ni ìpinnu náà wà, kì í ṣe inú kíbọ́ọ̀dù, kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan ló sì ní tirẹ̀. Ti jagunjagun wà ní títàn, ti àlùfáà ti kú. Bí wọ́n bá fi idà lu ọ̀tá, àlùfáà á yí sósì. Bí wọ́n bá sì bẹ ìwòsàn, àlùfáà á rìn lọ bá ọ̀tá lọ́wọ́ òfo.

Ó tẹ NumLock kó lè tún un ṣe. Títẹ̀ náà dé ọ̀dọ̀ méjèèjì: èyí tó tàn kú, èyí tó kú tàn. Yàtọ̀ síyẹn, bọ́tìnnì yìí kan náà ni géèmù ọ̀hún fi ń sọ pé kí èèyàn máa sáré lọ láìdúró. Jagunjagun kọjú sí òkè, àlùfáà kọjú sí ọ̀gbun, àwọn méjèèjì sì gbéra. (Àṣẹ kan wà, /follow, tó ń mú kí ọ̀kan máa tẹ̀ lé èkejì. Àwọn tó mọṣẹ́ kì í fi ọfà darí ọmọ ogun méjì.)

Èyí tó dun akọ̀wé yín jù ni ti ìwòsàn. Kíípáàdì náà lè ká títẹ̀ sílẹ̀, pẹ̀lú gbogbo ìdádúró àárín rẹ̀. Ó ń kọ́ ọ lọ́wọ́ nígbà tí ẹnì kan pè é nínú géèmù, ló bá tẹ Enter, ó kọ "mo n bo", ó tún tẹ Enter, ó ṣe ohun tí wọ́n pè é sí, ó padà wá parí ẹ̀kọ́ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bí jagunjagun bá fara gbọgbẹ́, tí akọ̀wé yín sì tẹ bọ́tìnnì ìwòsàn, àwọn méjèèjì á jùmọ̀ ké e jáde pé "mo n bo", wọ́n á dúró pẹ̀sẹ̀, jagunjagun á kú, àlùfáà á wá wo òkú rẹ̀ sàn.

Ó tún gbogbo rẹ̀ ṣe. Ó ń lọ dáadáa, títí di oṣù kọkànlá ọdún yẹn kan náà, nígbà tí Blizzard kéde pé ẹni tó bá ń fi ètò kọ̀ǹpútà pín títẹ̀ kan sórí àkáǹtì púpọ̀ yóò jìyà. CCP, ilé iṣẹ́ Iceland tó ni EVE Online, ti fòfin de irú rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní ọdún 2015. Apínbọ́tìnnì kì í ṣe ètò, àmọ́ akọ̀wé yín kò fẹ́ dúró gbẹ́jọ́. Èèyàn ṣì lè ní àkáǹtì méjì. Kó sáà máa darí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. KVM tó dá padà sí Ọ̀tígbà kò ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ ọjọ́sí rántí rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, dọ́là ti gbówó lórí o."

Kíípáàdì wá di aláìníṣẹ́, ni akọ̀wé yín bá ní kó máa bá òun kọ Yorùbá. Kò sí nọ́ńbà kíbọ́ọ̀dù fún ẹ, nítorí náà ó kọ́ ọ pé kó di Alt mú, kó tẹ 7865. Nínú Word, ẹ jáde rekete. Nínú Notepad ìgbà náà, tí kì í ka iye tó bá kọjá 255, ó yọ 256 yọ 256 títí ó fi ku 185, ó sì kọ ohun tó jẹ́ 185 lọ́dọ̀ tirẹ̀. Inú Notepad ni akọ̀wé yín ti kọ lẹ́tà sí olóòtú, kò sì tún un wò kó tó fi ránṣẹ́. Olóòtú fèsì pé òun ti gba àrokò náà, ṣùgbọ́n kí ni "╣ jowo"?