Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ẹ̀gbọ́n Mi Tó Há Pẹ́ẹ̀gì Mọ́ Ìka

Ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ Aláre,

Mo kí aṣọ òfì yín, mo kí fìlà, mo sì kí ẹ̀rọ kékeré tí ẹ há mọ́ ìka lọ́jọ́ Ojúde Ọba bí ìgbà tí wọ́n fi pẹ́ẹ̀gì há aṣọ mọ́ okùn. Ọjọ́ kẹta Iléyá ni. Àwọn ẹgbẹ́ regbéregbé ti tò, ìlù ń dún, àwọn ẹlẹ́ṣin ń dárà. Ẹ jó ìgbésẹ̀ mẹ́wàá, ẹ wá àga. Bí ẹ ṣe ń mí hẹlẹhẹlẹ ni ẹ gbé ìka sókè: "98! Ara mi le ju ti ọmọ ogún ọdún lọ!" A pàtẹ́wọ́ fún yín. Ẹ má bínú, ẹ̀rín la fi pàtẹ́wọ́ bò.

Ará Japan kan, Takuo Aoyagi, ẹnjiníà ní Nihon Kohden, ló gbé ọgbọ́n ẹ̀rọ yìí jáde ní 1974. Iná méjì ló ń tàn gba inú ìka kọjá: ọ̀kan pupa, ojú kò rí èkejì. Ẹ̀jẹ̀ tó ru ọ́síjìn máa ń jẹ́ kí iná pupa kọjá ju èyí tí kò rù ú lọ. Ẹran àti egungun náà ń dí iná lọ́nà, ṣùgbọ́n ojú kan ni wọ́n wà; ẹ̀jẹ̀ tó ń bá ìlù ọkàn fò sókè sódò ni ẹ̀rọ ń kà. Ó dà bí ẹni tó wá ka èrò Ojúde Ọba, tí kò ka àwọn tó jókòó sábẹ́ àtíbàbà, àfi àwọn tó ń jó. Ẹ̀gbọ́n, ká ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ka regbéregbé yín, ẹ̀yin ò ní sí nínú iye.

98 yẹn, ìwọ̀n ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ ni, kì í ṣe agbára o. Láàárín 95 sí 100 ni ti ẹni tí ara rẹ̀ dá máa ń wà. Ẹni tó ń sáré yí pápá Dipo Dina po lè ní 98. Ẹni tó ti àárọ̀ jókòó ti àwo ìkọ́kọrẹ́ náà lè ní in. Wọ́n dà bí ọkọ̀ méjì tó kún fún èrò ní gáréèjì. Èwo ni yóò gun òkè láìhu?

Nọ́ńbà kejì tí ẹ fi àtàǹpàkò bò ni kí ẹ wò: iye ìgbà tí ọkàn ń lù ní ìṣẹ́jú kan. Tí àgbàlagbà bá jókòó jẹ́jẹ́, 60 sí 100 ni. Ti àwọn eléré ìje míì máa ń wálẹ̀ tó 40. Ẹ rìn kíákíá, ẹ dúró, ẹ kà á. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan, ẹ tún un kà. Bó bá já wálẹ̀ dáadáa, ara ń gbọ́. Bí iye tó fi já wálẹ̀ kò bá ju 12 lọ, ẹ lọ rí dókítà.

Ẹ̀rọ yín sì mọ èèyàn yìn bí olórin òde àríyá. Ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà ní 2020: nínú aláìsàn aláwọ̀ dúdú tí ẹ̀rọ ní wọ́n wà ní 92 sí 96, bíi 12 nínú 100 ni ọ́síjìn wọn kò tó 88 ní tòótọ́, ti òyìnbó kò ju bíi 4 lọ. Èéfín jẹnẹrétọ̀ tún ń tàn án jẹ. Gáàsì inú rẹ̀ á gba ìjókòó ọ́síjìn nínú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀rọ á ṣì máa ké pé kò séwu. Bí èéfín bá mú ẹnikẹ́ni nílé yín, ẹ gbé e síta, kó dọsibítù. Ẹ má wo ìka.

Ẹ jọ̀ọ́, kí Iléyá tó ń bọ̀ tó dé, ẹ máa fi mọ́tò sílẹ̀ nílé, kí ẹ máa fẹsẹ̀ rìn lọ sọ́jà. Lọ́jọ́ tí ẹ bá jó dé iwájú pèpéle láìwá àga, a ò ní béèrè ìka lọ́wọ́ yín.

Èmi ni,
Àbúrò yín tó ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀ sí yín lọ́jọ́ náà.