Ìlérí Adìẹ

Àpò ìrẹsì kan ni Ìyá Ẹlẹ́rọ fi dí fèrèsé ìsọ̀ rẹ̀ ní Ìpótì-Èkìtì, níbi tó ti ń bá wa lọ ata. Àwòrán olóṣèlú kan wà lára àpò náà. Ó fi gbogbo eyín rẹ́rìn-ín, ó na àtẹ́lẹwọ́ sókè bí ẹni tó ń súre. Ìrẹsì inú rẹ̀ ti tán láti ìgbà ìbò. Oòrùn ti jẹ ojú kan, omi ata ti ta sí ìkejì, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò kúrò níbẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá ti ń ṣiṣẹ́, tí ìsọ̀ ń gbọ̀n, àpò náà á máa mi orí sí wa: bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni, mo ti gbọ́, mo máa ṣe é.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ọmọkùnrin ọlọ́kadà kan tó wá lọ ata fún ìyàwó rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ tẹjú mọ́ àwòrán yìí, inú bí i. Ó ní ó yẹ kí òfin wà: olóṣèlú tó bá ṣèlérí ọ̀nà, tí kò là á, kí ọlọ́pàá wá mú un bí wọ́n ṣe ń mú gbájúẹ̀. Gbogbo wa ní òótọ́ ló sọ. Bàbá Tíṣà, tó ti fẹ̀yìn tì tipẹ́, fi ọ̀pá lu ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ìyá Ẹlẹ́rọ nìkan ni kò fèsì. Ó pa ẹ̀rọ, ó fi apá nu iwájú orí, ó ní:

"Ẹ má bínú o, Bàbá Tíṣà. Ẹ ó gbé àpò yìí lọ sí kóòtù pé òun ni ẹ̀rí yín. Bí adájọ́ bá wá bi yín léèrè pé èyí tó wà nínú rẹ̀ dà, kí lẹ fẹ́ sọ?"

Ẹnikẹ́ni kò rí èsì fọ̀. Ọlọ́kadà gbé ike ata rẹ̀, ó ṣáná sí ọ̀kadà, ó lọ.

Láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni òwe kan ti ń jà ràn-ìn lórí mi: ìlérí adìẹ, asán ni lójú àwòdì. Adìẹ lè lérí títí ilẹ̀ á fi ṣú, àwòdì mọ ẹni tó ni èékánná. Bí wọ́n ṣe kọ́ wa ní ilé ìwé, orí òwe yìí ni ìjọba àwa-ara-wa dúró sí. Olóṣèlú ni adìẹ, ará ìlú ni àwòdì. Kí adìẹ lérí bó ṣe wù ú ní gbàgede ìpolongo, bó bá di ọdún kẹrin, àwòdì á bà lé e, á ní, "Ó yá, jíhìn." Ṣùgbọ́n àwọn àgbà tó pa òwe yìí kò bá wa débi tí a dé ní Èkìtì. Wọn kò mọ̀ pé ọjọ́ ń bọ̀ tí adìẹ kò ní jẹ́ ẹni tó ń lérí mọ́, tí adìẹ fúnra rẹ̀ á di ohun tí wọ́n ń fi ṣèlérí.

Àwàdà kọ́. Ní sáà àkọ́kọ́ Ayọ̀ Fáyóṣe gẹ́gẹ́ bíi gómìnà, láàárín 2003 sí 2006, ìjọba Èkìtì gbé iṣẹ́ ọ̀sìn adìẹ ńlá kan kalẹ̀, owó tí wọ́n dá lé e sì ju bílíọ̀nù kan náírà lọ. A retí adìẹ, a retí ẹyin, a retí kí àkùkọ kọ. Ilẹ̀ mọ́, àkùkọ kò kọ. Nígbà tí ilé aṣòfin yọ gómìnà nípò ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹwàá ọdún 2006, ọ̀rọ̀ adìẹ wà lára ohun tí wọ́n kà sí i lẹ́sẹ̀, EFCC sì gbé e dé kóòtù. Ọkùnrin náà ní òun kò jẹ̀bi, kò sì sí adájọ́ tó dá a lẹ́bi. Ẹni tí kóòtù kò dá lẹ́bi, èmi kò ní dúró nídìí ẹ̀rọ ata kí n máa dá a lẹ́jọ́. Ìbéèrè Ìyá Ẹlẹ́rọ nìkan ni mo ní: èyí tó yẹ kó wà nínú rẹ̀ dà?

Ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn náà, ìdáhùn dé. Ìbò gómìnà tún kò, ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹfà ọdún 2014. Káyọ̀dé Fáyẹmí ló wà lórí àlééfà, Fáyóṣe ló ń bá a dù ú. Fáyẹmí la ọ̀nà, ó sì ń fún àwọn arúgbó kan ní 5,000 náírà lóṣooṣù. Ó tún ṣe ohun tí olóṣèlú tó gbọ́n kì í ṣe: ó fẹ́ kí àwọn tíṣà ṣe ìdánwò. Ní ìpínlẹ̀ tó ń fi ọ̀jọ̀gbọ́n yangàn, ó fẹ́ bi tíṣà ní ìbéèrè! Nígbà tí wọ́n ka ìbò tán, Fáyóṣe ní 203,090, Fáyẹmí ní 120,433. Nínú ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́rìndínlógún, ẹyọ kan péré kò ṣẹ́kù fún ẹni tó wà lórí oyè. Ìjẹrò, ìjọba ìbílẹ̀ tiwa, ńkọ́? Ó wà níbẹ̀ gbọnin-gbọnin.

Ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ kan gba ìlú kan, tó di pé gbogbo Nàìjíríà ń bá wa sọ ọ́: amáyédẹrùn ikùn. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ọ̀nà dára, ọ̀dà dára, ṣùgbọ́n ikùn ni òpópónà àkọ́kọ́ tó yẹ kí ìjọba tún ṣe. Gómìnà tuntun kò fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré: ó yan olùrànlọ́wọ́ pàtàkì kan lórí amáyédẹrùn ikùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un kà. Àwọn ìjọba mìíràn ní ẹni tó ń mójú tó omi, wọ́n ní ẹni tó ń mójú tó igbó. Àwa ní ẹni tó ń mójú tó ọbẹ̀. Nígbà tí Kérésìmesì ọdún náà dé, wọ́n pín ìrẹsì, wọ́n sì pín adìẹ. Bẹ́ẹ̀ ni o, adìẹ. Àkùkọ tí a ti ń retí láti 2006 kọ ní 2014. Inú ìkòkò ló ti kọ.

N kò ní bú ẹni tó tò sórí ìlà. Èmi náà ti jẹ ìrẹsì olóṣèlú rí, ó sì dùn, ata nìkan ni kò tó. Ìyá tó ní ọmọ mẹ́rin, tí ọkọ rẹ̀ kò rí owó oṣù gbà, ẹ má sọ fún un pé kó fi adìẹ sílẹ̀ kó dúró de títì. Adìẹ, ó rí i. Títì, ó ti gbọ́ ọ. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi kọ́ ọ pé ohun tó bá dé ọwọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ ìbò ni gbogbo èrè tí yóò rí nínú ìjọba. Ẹ̀kọ́ náà wọ̀ ọ́ lórí ju ìṣirò lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò náà. Nígbà tí a dìbò ní ọjọ́ 14 oṣù Keje ọdún 2018, amáyédẹrùn ikùn ti kọjá adìẹ, ó ti di owó lọ́wọ́. "Dìbò kóo sebẹ̀" ni wọ́n ń pè é. Àwọn tó wá wo bí ìbò ṣe ń lọ ròyìn pé ọwọ́ ẹgbẹ́ òṣèlú méjèèjì tó tóbi jù kò mọ́, àti pé owó ìbò kan ń dé 5,000 náírà. Ká mú 5,000. Ọjọ́ 1,461 ló wà nínú ọdún mẹ́rin. Ẹ pín in: náírà mẹ́ta àti kọ́bọ̀ méjìlélógójì lójúmọ́. Omi inú ọ̀rá kan kò ṣeé fi rà. Ní Èkìtì, ìlú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n, a ta ọdún mẹ́rin ní iye tí kò tó omi tí a fi máa ń ti èébù sísàlẹ̀ ọ̀fun nígbà tí a bá ń bú ìjọba.

Ẹ wá wo òfin tí ọlọ́kadà wa fẹ́ kó wà. Òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999 dùn ún kà. Orí kejì rẹ̀ kún fún ìlérí: ààbò àti ìgbáyégbádùn ará ìlú ni iṣẹ́ àkọ́kọ́ ìjọba, ẹ̀kọ́ yóò wà, iṣẹ́ yóò wà. Kí inú wa tó dùn tán, abala kẹfà ti kọ́kọ́ sọ ọ́ lójú ọ̀nà pé kóòtù kò lágbára láti gbọ́ ẹjọ́ ẹni tó bá wá bèèrè orí kejì yìí. Òfin fúnra rẹ̀ lérí bí adìẹ! Ṣùgbọ́n Òfin Ìdìbò ọdún 2022 ní èékánná o. Nígbà tí wọ́n ṣe é, abala 121 rẹ̀ sọ pé ẹni tó bá fi owó ra ìbò, àti ẹni tó bá gbà á, lè san 500,000 náírà tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n ọdún kan. Bó ṣe rí rèé: ẹni tó sọ pé òun máa la ọ̀nà Ìpótì tí kò là á, kò sẹ́wọ̀n kankan fún un, ìyá tó gba ìrẹsì lọ́wọ́ rẹ̀, ọlọ́pàá ń wá a bọ̀.

Ẹlòmíràn á ní a lè pe aṣòfin padà kí ọdún rẹ̀ tó pé. A lè pè é lóòótọ́. Gómìnà ni a kò lè pè. Àwọn aládùúgbò wa ní ìwọ̀-oòrùn Kogí dán an wò lórí Sẹ́nétọ̀ Dino Melaye. Àwọn 189,870 ni ìwé sọ pé wọ́n fọwọ́ sí i pé kó máa bọ̀ nílé. Òun ní irọ́ ni, ayédèrú ni. Nígbà tí INEC ní kí olúkúlùkù jáde wá jẹ́rìí sí ọwọ́ rẹ̀, ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹrin ọdún 2018, àwọn 18,742 ni wọ́n rí fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Àwọn yòókù dà? Bóyá wọn kò sí láyé, bóyá ọbẹ̀ wọn ló wà lórí iná.

Àwọn baba wa kò ní INEC, ṣùgbọ́n wọ́n mọ bí a ṣe ń gba ìjíhìn. Ní Ọ̀yọ́ àtijọ́, Aláàfin tó bá ba ìlú jẹ́ kọjá ohun tí ìlú lè gbà, igbá òfìfo tàbí ẹyin òdídẹrẹ́ ni Baṣọ̀run yóò gbé síwájú rẹ̀. Kò sí àlàyé púpọ̀. Aláàfin mọ ohun tó kù fún òun láti ṣe. Ẹyin ni àwọn ń gbé fún aláṣẹ tó já ìlú kulẹ̀. Lọ́jọ́ òní, aláṣẹ tó já wa kulẹ̀ ló ń gbé ẹyin fún wa, a ó sì na ike sí i, a ó ní, "Ẹ ṣé, sà, Ọlọ́run á ṣe yín ní sẹ́nétọ̀."

Kí a má sì parọ́ pé àwòdì wa mọ ẹni tó yẹ kó gbé. Ní 1952, ìjọba Awólọ́wọ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn ṣèlérí pé gbogbo ọmọ yóò lọ sílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ó sọ owó tí yóò ná wa pẹ̀lú, ó sì fi kún owó-orí. Inú bí àwọn baba wa. Ní ìbò ìjọba àpapọ̀ ọdún 1954, wọ́n jẹ́ kí ẹgbẹ́ alátakò NCNC na ẹgbẹ́ Awólọ́wọ̀ nílé ara rẹ̀. Ẹni kan ṣoṣo tó sọ iye tí ìlérí rẹ̀ jẹ́, òun ni wọ́n gbá létí! Ó gba ìgbátí náà, kò yí ìlérí padà. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1955, ilé ìwé ṣí. Iye ọmọ tó wà nílé ìwé fò láti nǹkan bíi 457,000 sí 811,000 lọ́dún kan. Nígbà tí ìbò ẹkùn dé ní 1956, àwọn baba tó gbá a létí ló tún dìbò fún un. Wọ́n ti rí ọmọ wọn tó gbé síléètì. Ìyẹn ni mo pè ní àwòdì: ó lè ṣìnà, ó lè bínú sí ẹni tí kò yẹ, ṣùgbọ́n ó ń wo ohun tó wà nílẹ̀, ó sì rántí ohun tí wọ́n sọ fún un.

Tiwa ni kò rántí. Àwòdì tí wọ́n ń fi adìẹ bọ́ lẹ́nu lọ́dún mẹ́rin-mẹ́rin ti gbàgbé bí wọ́n ṣe ń fò. Ó ti ń ṣa ọkà nílẹ̀. Bí ẹ bá sún mọ́ ọn dáadáa, ẹ ó gbọ́ tó ń ké bí àgbébọ̀. Oko adìẹ tí wọ́n ní kò sí, ta ló sọ pé kò sí? Àwa ni.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo tún gbé ata dé ìsọ̀ Ìyá Ẹlẹ́rọ. Mo bá ọlọ́kadà lórí àga, tó ń yí àpò ìrẹsì ọjọ́sí padà lójú fèrèsé. Bàbá Tíṣà jókòó sísàlẹ̀, èédú lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń kọ̀wé sí ẹ̀yìn àpò náà, pẹ̀lú irú ọwọ́ gbọ̀ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń kọ́ wa lórí pátákó: Ọ̀nà. Omi. Tiransifọ́mà. Ìtọ́jú olóyún. Sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan ló kọ ọjọ́ tí ọkùnrin inú àwòrán náà ṣèlérí rẹ̀. Ó ní bí wọ́n bá tún wá polongo, ojú àpò yẹn ni kí wọ́n kọ́kọ́ kà fún wa kí wọ́n tó fọwọ́ kan gbohùngbohùn. Nísinsìnyí, ìta ni olóṣèlú ń rẹ́rìn-ín sí, àwọn ewúrẹ́ ló ń mi orí sí.

Inú mi dùn. Mo ní, "Ìyá, bí wọ́n bá tún gbé àpò mìíràn dé ńkọ́?"

Ìyá Ẹlẹ́rọ da ata mi sínú ẹ̀rọ, ó wo ògiri kejì, níbi tí òjò ti ń fẹ́ wọlé.

"Fèrèsé kan," ó ní, "ṣì ṣí sílẹ̀."