Ogun Àgbọ́tẹ́lẹ̀ Ń Pa Ẹlẹ́sẹ̀ Méjì

Àwọn àgbà ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Arọ yẹn kò lẹ́sẹ̀, àmọ́ ó ní làákàyè: wọ́n ní ogun ń bọ̀ lẹ́ẹ̀mí-ìn, ó ti ń fìdí wọ́ kúrò nílùú lónìí. Kí ló wá ń pa àwọn ẹlẹ́sẹ̀ méjì tó ń múra ìdánwò GMAT l'Ékòó?

Ogun yìí kò bá ẹnikẹ́ni lójijì. Láti 1954 ni wọ́n ti ń fi ìdánwò yìí yan àwọn tó fẹ́ kàwé gboyè MBA. Gbogbo ètò rẹ̀ ló wà ní gbangba: apá mẹ́ta, ìṣẹ́jú 45 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìbéèrè 64 lápapọ̀.

Ẹ wo ọ̀gbẹ́ni kan tó ń ṣiṣẹ́ báńkì ní Victoria Island. Ó ra ìwé ńlá mẹ́rin, ó ya fọ́tò wọn, ó gbé e sórí status WhatsApp: “Ìrìn àjò ti bẹ̀rẹ̀ o!” Tẹbí tọ̀rẹ́ kí i kú oríire. Ibẹ̀ ni ìrìn àjò náà parí sí. Títí di òní, ọ̀rá tí wọ́n fi wé mẹ́ta nínú ìwé náà kò tíì ya. Fóònù ló fi ń ṣírò ṣéńjì tí kọ́ńdọ́kítọ̀ dáńfó jẹ ẹ́. Bẹ́ẹ̀, apá ìṣirò nínú ìdánwò náà kò gba ẹ̀rọ ìṣirò láàyè.

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ méjì, ó ń wá expo. Ẹnì kan sì gbowó lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní ìbéèrè gan-an lòun máa fún un. Ìdánwò tó jẹ́ pé bí oníkálukú bá ṣe ń dáhùn ni kọ̀ǹpútà ń yan èyí tó kàn fún un! Bó o bá gba èyí, ìkejì á le sí i.

Expo já sófo, ó di ààwẹ̀ àti ìṣọ́ òru. Ó ń pariwo pé 700 lòun máa gbà. Àtúnṣe tí wọ́n ṣe ní 2023 ti sọ máàkì di 205 sí 805, márùn-ún ló sì ń gbẹ̀yìn gbogbo rẹ̀. Kò sí 700 níbẹ̀ mọ́. Ohun tí kò sí ló ń febi panú lé lórí.

Iṣẹ́ arọ ni kò wù wá ṣe: ìbéèrè mélòó kan lálálẹ́, ká wo èyí tá a kùnà, ká wádìí ohun tó fà á, ká tún un ṣe lọ́la. Èyí kò ṣeé gbé sórí status, kò sì sẹ́ni tó máa kíni kú oríire rẹ̀. Ẹni tí kò lè ṣàkóso ìṣẹ́jú 45 tiẹ̀ ló sì fẹ́ lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣàkóso ilé iṣẹ́ onílé iṣẹ́.

Èsì jáde, ọ̀gbẹ́ni wa kò sọ iye tó gbà fún ẹnikẹ́ni. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó ṣí kíláàsì sórí Telegram: “Bí Ẹ Ṣe Lè Yege GMAT.” Àwọn èèyàn ti ń sanwó.