Ọ̀kadà Mọ́, Eyín Ò Mọ́



Ẹ̀yin ọmọ Òkè-Ògùn, ọlọ́kadà kan wà ládùúgbò wa. Gbogbo àárọ̀ Sátidé ló ń fọ ọ̀kadà rẹ̀, tọṣẹ tọṣẹ, á fi búrọ́ọ̀ṣì ha àárín sípóòkù lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ jẹ́ kó wá rẹ́rìn-ín sí yín! Ẹ ó rò pé òkè Àsàbàrí tó wà ní Ṣakí ló ṣí wá sí ẹnu rẹ̀. Mo ní, "Bọ̀dá mi, ẹ ò ṣe lọ fọ eyín yín?" Ó ní, "Mo ti run orín àyìn láàárọ̀."

Orín dára, n kò bú u. Ṣùgbọ́n ìdọ̀tí tó bá pẹ́ lára eyín, itọ́ ẹnu wa fúnra rẹ̀ ló ń sọ ọ́ di òkúta. Tó bá ti gan, àyìn ò ká a, àtà ò ká a, búrọ́ọ̀ṣì ò ká a. Irin dókítà eléyín nìkan ló ń ha á. Bí a bá fi í sílẹ̀, erìgì á máa ṣẹ̀jẹ̀, eyín á máa mì. Ẹ̀yin tí ẹ ní fífọ ló ń mú kí eyín mì, ó ti ń mì tẹ́lẹ̀, ìdọ̀tí yẹn ló dì í mú bíi sìmẹ́ńtì!

Èmi náà lọ fọ tèmi ní Ìbàdàn. N kò ní dárúkọ ilé ìwòsàn. Títì Ìsẹ́yìn sí Mọ́níyà ní Ìbàdàn, 65 kìlómítà, ti dán báyìí, ṣùgbọ́n ará Ṣakí ṣì máa rìn títí kó tó dé Ìsẹ́yìn gan-an. Mo gba káàdì, wọ́n ní kí n lọ sanwó ní wíńdò kejì. Wíńdò kejì ní kò sí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì. Nígbà tí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì máa dé, dókítà ti lọ, ó di ọ̀la. Ilé àbúrò ìyá mi ni mo sùn. Lọ́jọ́ kejì, kò tó wákàtí kan tí wọ́n fi fọ̀ ọ́ tán. Mo ṣírò owó: ti mọ́tò àti ti oúnjẹ ọ̀nà ju ti eyín lọ.

Ìdí nìyẹn tí àwọn olóògùn inú mọ́tò fi ń rí wa mú. Wọ́n á ní ìyẹ̀fun kan ṣoṣo á sọ eyín di funfun, á wo jẹ̀díjẹ̀dí, á sì mú kí ọ̀gá ibiṣẹ́ fẹ́ràn yín.

Kí ló dé tí ọgbọ̀n èèyàn á fi máa wọ mọ́tò lọ bá dókítà kan? Ẹ jẹ́ kí dókítà kan wọ mọ́tò wá bá ọgbọ̀n èèyàn! Owó mọ́tò ẹnì kan ṣoṣo ni. Ẹ̀yin ìyá lọ́jà, ẹ ń dá èsúsú aṣọ ẹbí, ẹ dá ti eyín náà. Ṣebí inú aṣọ ẹbí yẹn lẹ ó ti fi eyín hàn nínú fọ́tò. Ẹ má sì bẹ̀rù àìsí iná: irin ìháyín ò nílò iná. Ẹ̀rọ tó ń fọ́n omi sí eyín, jẹnẹrétọ̀ kékeré tó o. Ohun tí n kò ní gbà ni kí wọ́n má se irin nínú ìkòkò oníooru lẹ́yìn ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí kòkòrò ẹnu ọkọ má lọ di ti ìyàwó oníyàwó.

Ìsẹ́yìn yìí kan náà ni àgọ́ NYSC Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ wà. Àwọn àgùnbánirọ̀ tó jẹ́ dókítà eléyín ń yan fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta níbẹ̀, à ń wò wọ́n, wọ́n á wọ mọ́tò lọ. Ẹ̀yin alága kánsù, ẹ ò kúkú dá méjì dúró!

Mo sọ gbogbo èyí fún ọlọ́kadà wa. Inú rẹ̀ dùn. Ó ní tí dókítà bá dé garéèjì, òun á gbé e dé ọjà lọ́fẹ̀ẹ́. Mo ní ṣé òun náà á jókòó kí wọ́n fọ tòun. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ kí òun kọ́kọ́ fọ ọ̀kadà.