Bọ̀ọ̀dá Ìbáṣepé

Kò sí àdúgbò ní Ìgèdè-Èkìtì tí kò ní Bọ̀ọ̀dá Ìbáṣepé tiẹ̀. Ẹ ó bá a nídìí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ṣáàjì fóònù, létí títì tó ti Adó lọ sí Àrámọ̀kọ. Jẹ́sì Barcelona ló máa ń wà lọ́rùn rẹ̀, orúkọ Messi gàdàgbà lẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ ọdún 2021 ni Messi ti kúrò níbẹ̀. Sípéènì ni Bọ̀ọ̀dá ń lọ. Ó ti ń lọ tipẹ́.

Kó tó lọ, ó ń fi fóònù kọ́ Sípáníìṣì. Ẹlòmíràn ì bá bẹ̀rẹ̀ láti orí “ẹ káàárọ̀” àti “èló ni?” Tirẹ̀ kọ́. Ibi tí wọ́n ti ń sọ ohun tí kò ṣẹlẹ̀, tí kò sì jọ pé yóò ṣẹlẹ̀, ló wọ̀ ọ́ lára. Bí ẹ ò tiẹ̀ bi í, yóò là á yé yín: “Ẹ mú *hablaron*, ‘wọ́n sọ̀rọ̀’. Ẹ gé *ron* kúrò nídìí rẹ̀, ẹ fi *ra* sí i: *hablara*. *Comieron* á di *comiera*, *vivieron* á di *viviera*. Ó tán!” Kí ẹnikẹ́ni má ṣèèṣì sọ pé *hablase* náà tọ̀nà o. Ó tọ̀nà lóòótọ́, ìtumọ̀ kan náà ni, ṣùgbọ́n ilẹ̀ yóò ṣú bá yín níbẹ̀.

Ta ni yóò yà lẹ́nu? Bọ̀ọ̀dá ti gboyè nínú ẹ̀kọ́ yìí ní Yorùbá kó tó ra fóònù. “Ì bá ṣe pé bàbá mi ò ta oko kòkó yẹn, ǹ bá ti wà ní Madrid.” “Ì bá ṣe pé wọ́n fún mi ní físà.” Físà tí kò béèrè fún rí! “Ì bá ṣe pé wọ́n tètè dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀ ṣáájú 1996, ǹ bá ti di kọmíṣánnà.” Lọ́dún 1996 tó ń wí yìí, ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ ló wà.

Ẹnì kan gbà á nímọ̀ràn pé Equatorial Guinea kò jìnnà sí Calabar, Sípéènì ló ṣàkóso ibẹ̀ títí di 1968, Sípáníìṣì náà ni wọ́n ń sọ títí dòní. Kó lọ dánra wò níbẹ̀. Ó ní ibẹ̀ ti sún mọ́lé jù.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó jókòó síwájú ìyá oníyán, ó tún ohùn ṣe: “*Si usted me fiara, comería*.” Bí ẹ bá lè tà á láwìn fún mi, ǹ bá jẹun. Ìyá ò gbọ́ Sípáníìṣì, ṣùgbọ́n ojú alájẹsílẹ̀ ò ṣàjèjì sí i. Ó ní, “Ọmọ mi, ti àná ńkọ́?”

Ti àmì orí ọ̀rọ̀ ló ń bí mi nínú jù. Ẹ kọ *hablaramos* láìfi àmì sórí *a* kejì, yóò pè yín ní púrúǹtù: *habláramos* ni! Ẹni yìí kan náà, bó bá ń kọ̀wé sí àwọn ẹbí rẹ̀ lórí WhatsApp, kì í fi àmì sórí orúkọ ìlú rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ bá pàdé rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi í léèrè ọjọ́ tó ń lọ sí Sípéènì. Ẹ ní kó kọ́kọ́ lọ san owó iyán.