Ológbò Jẹ Àbámodá Mi

Òfin Ẹranko tí wọ́n ṣe nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1971 dárúkọ ewúrẹ́. Ó dárúkọ àgùntàn, ẹlẹ́dẹ̀, màlúù, títí kan adìyẹ: bí èyíkéyìí nínú wọn bá ṣáko wọ ilẹ̀ onílẹ̀ tó ba nǹkan jẹ́, olówó rẹ̀ ni yóò san án. Kò dárúkọ ológbò. Mo tú u wò lóru, tòun ti ikọ́, nítorí ó dá mi lójú pé ológbò kan jẹ mí ní gbèsè.

Ikọ́ yẹn ló fa gbogbo rẹ̀. Ará Lọ́ńdọ̀nù mọ bí wọ́n ṣe ń wá GP, dókítà àdúgbò: aago mẹ́jọ àárọ̀ ni kí ẹ pè, ohùn ẹ̀rọ á ní èèyàn pọ̀ níwájú yín, nígbà tó bá fi kàn yín, àyè ti tán, ẹ tún pè lọ́la. Bí mo ṣe dáko sójú fèrèsé nìyẹn. Efinrin fún inú rírun, ewúro, àti àbámodá, ewé kan ṣoṣo tí ìyá kan já fún mi ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ mọ àbámodá, ẹ sáà gbé ewé rẹ̀ lé erùpẹ̀, yóò yọmọ létí yíká. Goethe, akéwì ńlá ilẹ̀ Jámánì, fẹ́ràn rẹ̀ débi pé ó ń fi ọmọ ewé náà ta àwọn ọ̀rẹ́ lọ́rẹ. Orúkọ Goethe ni wọ́n ṣì fi ń pè é lọ́hùn-ún. Èmi ò kéwì o. Mo kàn fẹ́ fi ewé yáná, kí n fún omi rẹ̀ mu, kí àyà mi lè rọ̀.

Òyìnbó àgbàlagbà tó ń gbé lókè mi ní ológbò tó ń jẹ́ George, ìyẹn ló fi jẹ́ pé Ìyá George ni mò ń pè é lọ́kàn mi. George a máa gba ojú fèrèsé wọlé bí ẹni tó ń dá nínú owó ilé. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, mo gbé omi kaná. Kí n tó bojú wẹ̀yìn, ó ti ń rún àbámodá mi. Kò fọwọ́ kan efinrin. Ó gbóòórùn ewúro, ó kọjá, ọlọ́gbọ́n ni. Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, ó ti ń bì, Ìyá George sì ń gbá ilẹ̀kùn mi tẹkúntẹkún pé mo ti fún ọmọ òun ní májèlé jẹ.

A jọ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko, èmi ni mo mú ewé dání bí ẹ̀rí. Ẹnikẹ́ni ò sọ pé àyè ti tán. Dókítà gbé George sórí tábìlì, ó fi ẹ̀rọ gbọ́ àyà rẹ̀, ó yẹ ewé mi wò, ó ní irú ewé bẹ́ẹ̀ máa ń da ọkàn ológbò láàmú. Wọ́n fún un ní èédú lílọ̀ mu, wọ́n ní kó sùn síbẹ̀ káwọn lè máa ṣọ́ bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù. Èmi náà húkọ́ níbẹ̀. Wọ́n na tíṣù sí mi.

Ilẹ̀ mọ́, George ń jẹun. Ìwé owó ìtọ́jú rẹ̀ ti wà lábẹ́ ilẹ̀kùn mi, ó lé ní igba pọ́n-ùn.

Mo pe Màámi ní Òṣogbo.

"Màámi, wọ́n ti jẹ àbámodá mi."

"Ewúrẹ́ ta ni?"

"Ológbò ni, mà."

"Kí ló ń ṣe ológbò ọ̀hún tó fi lọ jẹ oògùn?"

"Kò sí nǹkan tó ń ṣe é tẹ́lẹ̀, mà."

"Olówó rẹ̀ ti wá bẹ̀ ọ́?"

"Èmi ni wọ́n ní kí n sanwó."

Ó kígbe pe gbogbo ará ilé kí wọ́n wá gbọ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Àfi ìgbà tí mo fẹnu kó o pé mo ra erùpẹ̀ inú ọ̀rá kí n tó gbin ewé náà. "Àkànní, o ra erùpẹ̀?" Kò rẹ́rìn-ín sí ìyẹn.

Ta ló ń ra erùpẹ̀? Ta ló tilẹ̀ ń gbin efinrin nílé wa? Ẹ̀yìn ilé ìdáná ló ń hù sí, níbi tí wọ́n ń da omi abọ́ sí. Bí tiyín bá tán, ẹ ó yà sílé kejì, ẹ ó ní ẹ fẹ́ já ewé díẹ̀, wọn á ní kí ẹ já a, wọn á bi yín pé ara ta ni kò yá, kílẹ̀ tó ṣú wọ́n ti gbé ẹ̀kọ gbígbóná wá. Inú ń bí mi bí mo bá rántí. Níhìn-ín, mò ń gbé ìkòkò sún mọ́ hítà, efinrin ṣì ń wọ́wé. Bí mo bá sì fẹ́ kó ewé tútù bọ̀ láti ilé, òfin ní kó ní ìwé ẹ̀rí ìlera. Ewé! Ṣé kì í ṣe òun la fi ń wá ìlera ni?

Mo fi òfin 1971 han Ìyá George. Ó fi gíláàsì sójú, ó kà á, ó ní òótọ́ ni, ológbò ò sí níbẹ̀, nítorí náà George ò jẹ̀bi. Mo ní ká ní ewúrẹ́ ni George ńkọ́? Ó ní George kì í ṣe ewúrẹ́. A fa ọ̀rọ̀ náà títí, a pín owó sí méjì.

Ọjọ́ tí mo san ìdajì tèmi ni GP náà ránṣẹ́ pé àyè ti yọ. Orí fóònù ni. Dókítà bi mí léèrè ọjọ́ orí, ó bi mí bóyá mò ń mu sìgá, lẹ́yìn náà ó ní kí n gbé fóònù sún mọ́ ẹnu, kí n húkọ́ kí òun gbọ́.